Nọ́ńbà Kì í Ṣe Oyè: Ọ̀rọ̀ Lórí Àwọn Switch Tí A Tò Léra

N kò ní í pẹ́ lórí ohun tí switch jẹ́, nítorí ọ̀pọ̀ yín ti rí i ní báńkì tàbí ní Pólì Ìlaròó: àpótí pẹlẹbẹ olójú púpọ̀ tí ń pín ọ̀rọ̀ láàrin àwọn kọ̀ǹpútà. Bí a bá to bíi mélòó kan léra, tí a fi okùn àkànṣe so ẹ̀yìn wọn pọ̀, wọn a di ara kan tí olórí kan ń ṣàkóso. Oríṣi tó ń jẹ́ Catalyst 3750, ti ilé-iṣẹ́ Cisco, ń gba mẹ́sàn-án pọ̀.

Ìjà tí mo ti ń bá àwọn ẹlẹgbẹ́ mi jà láti ọjọ́ pípẹ́ ni pé wọ́n ní èyí tó ń jẹ́ nọ́ńbà 1 ni olórí. Rárá o! Ẹ wo ẹ̀jìrẹ́ ará Ìṣokùn: Táyéwò ló kọ́kọ́ fojú kan ayé, gbogbo wa la sì mọ̀ bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ Kẹ́hìndé tó rán an níṣẹ́ pé kó lọ tọ́ ayé wò la ń pè ní ẹ̀gbọ́n, nítorí ipò àgbà kò sí lọ́wọ́ ẹsẹ̀ tó kọ́kọ́ tẹlẹ̀. Nọ́ńbà ni orúkọ switch. Priority ni ipò àgbà rẹ̀. Láti 1 dé 15 ni priority, 1 sì ni gbogbo wọn ń gbé bọ̀ láti inú páálí. Èyí tí tirẹ̀ ga jù ló ń jọba. Bí ohun gbogbo bá dọ́gba, èyí tí àdírẹ́sì MAC rẹ̀ (nọ́ńbà ìdánimọ̀ tó bá a ti ilé-iṣẹ́ wá) kéré jù ló ń gba adé, lọ́pọ̀ ìgbà ó sì máa ń jẹ́ ògbólógbòó tó yẹ kó ti máa sinmi. Bí a bá sì ṣẹ̀ṣẹ̀ tan èyí tí priority rẹ̀ ga lẹ́yìn tí olórí ti gúnwà, kò lè lé e, àfi bí yíyàn olórí mìíràn bá dé. Ta ni yóò tìtorí pé ọmọ ọba tó dàgbà jù ti Kútọnu dé, kí ó ní kí Ọba dìde lórí ìtẹ́?



Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bí orúkọ ihò kan bá jẹ́ Gi2/0/14, 2 ni nọ́ńbà switch, 14 sì ni nọ́ńbà ihò náà. Ètò ihò náà sì so mọ́ nọ́ńbà, kò so mọ́ àpótí. Èmi fúnra mi, nígbà èwe mi nínú iṣẹ́ yìí, pàṣẹ «switch 3 renumber 2», pé kí 3 di 2, láìronú. Nǹkan kan kò yí, mo sì ń fọ́nnu, àfi ìgbà tí mo pa á tí mo tún un tàn, tí ètò gbogbo ihò rẹ̀ dúró sẹ́yìn lọ́dọ̀ 3, tí odidi ilé-iṣẹ́ kan sì ń pariwo orúkọ mi.

Switch àlejò tó bá dé pẹ̀lú nọ́ńbà tí ẹlòmíràn ti ń jẹ́ yóò gba èyí tó kéré jù tó ṣófo.

Ìmọ̀ràn díẹ̀ ló kù. Okùn ẹ̀yìn: ẹ so ó yípo bí ìlẹ̀kẹ̀, kó lè jẹ́ pé bí ọ̀kan bá já, ìyókù yóò ṣì máa sọ̀rọ̀. Ẹ kọ nọ́ńbà sára àpótí pẹ̀lú bírò tí kì í parẹ́. Ẹ sì tẹ «write memory», tó ń fi ètò pamọ́, kí ẹ tó jáde.