Ṣé Kí N Gba Kírẹ́dìtì Káàdì Torí Tíkẹ́ẹ̀tì?

Ẹ̀yin ará wa ní Lọ́ńdọ̀nù tó fẹ́ wálé lọ́dún Kérésì, ẹ tẹ́tí o. Bí tíkẹ́ẹ̀tì kan bá ju £100 lọ, tí kò ju £30,000 lọ, tí ẹ fi kírẹ́dìtì káàdì rà á, òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti 1974 mú báńkì tó ni káàdì náà mọ́ ọ̀rọ̀ ọ̀hún. Bí iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú bá kógbá sílé, bíi Monarch lọ́dún 2017, ẹ lè gba owó yín lọ́wọ́ báńkì, kódà kó jẹ́ àsansílẹ̀ nìkan lẹ fi káàdì san. Òfin yìí kò kan débíìtì káàdì. Tó bá jẹ́ ọwọ́ ajẹ́ńtì lẹ ti rà á, ó lè má ràn yín lọ́wọ́. Ẹni tí kò bá ní lè san gbèsè rẹ̀ tán lóṣooṣù, mo bẹ̀ yín, ẹ má gba kírẹ́dìtì káàdì. Èlé rẹ̀ ń ni èèyàn lára.