Ẹ̀bùn Tí Àgbébọ̀ Ń Fún Ọmọ Rẹ̀: Probiotics àti Ìlera Òròmọdìẹ

Ẹ̀yin olùsìn adìẹ láti Aduwawa, láti Ikpoba Hill àti láti inú Oregbeni yìí gan-an nílẹ̀ Ẹdó, ọ̀rọ̀ ìfun òròmọdìẹ ni mo gbé wá.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo adìẹ ìbílẹ̀. Ọjọ́ 21 ni àgbébọ̀ fi ń sàba lé ẹyin. Bí ọmọ bá ti já èèpo ẹyin jáde, abẹ́ ìyẹ́ ìyá rẹ̀ ló bọ́ sí. Ìyá ń ta ilẹ̀, ọmọ ń ṣa. Ibi tí ìyá yàgbẹ́ sí náà ni ọmọ ń sá gbà kọjá. Àwa a rí ìdọ̀tí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìyá ń fún ọmọ rẹ̀ ní ogún ni. Ìfun òròmọdìẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo lọ́jọ́ tó já èèpo ẹyin jáde. Láti ara ìyá rẹ̀ ló ti ń rí àwọn kòkòrò àìfojúrí tí yóò máa bá a gbé, tí yóò máa bá a da oúnjẹ, tí yóò sì máa dáàbò bò ó.

Òròmọdìẹ tí a ń rà ní páálí ńkọ́? Ẹ̀rọ ló sàba lé e. Wọ́n ti fi òògùn pa kòkòrò ara ẹyin rẹ̀, wọ́n fọ gbogbo ohun èlò. Wọn kò ṣe búburú, nítorí bí kò bá sí ìmọ́tótó yẹn, ẹyin kan tó lárùn lè ba ẹgbẹẹgbẹ̀rún jẹ́. Ṣùgbọ́n ọmọ náà kò fojú kan ìyá rárá. Bó bá jẹ́ Ìbàdàn ni wọ́n ti pa á, yóò gba Ọ̀rẹ̀ wá sí Benin nínú ọkọ̀, láìjẹ láìmu. Pupa ẹyin tó kù níkùn rẹ̀ lè gbé e ró tó wákàtí 72, nítorí náà kì í sábà kú lọ́nà. Àmọ́ ìfun tó ṣófo yẹn ń retí ẹni tí yóò kọ́kọ́ wọlé.

Ilẹ̀ Finland ni wọ́n ti rí ọ̀rọ̀ yìí gbá mú. Ní 1971, kòkòrò àrùn Salmonella Infantis tàn káàkiri láàárín àwọn adìẹ tí wọ́n ń sìn fún ẹran níbẹ̀. Àwọn onímọ̀ kan, Esko Nurmi àti Rantala, mú ohun tó wà nínú ìfun àgbà adìẹ tó lálàáfíà, wọ́n fún òròmọdìẹ, lẹ́yìn náà ni wọ́n wá fi Salmonella dán wọn wò. Púpọ̀ nínú àwọn tó ti gba ẹ̀bùn yìí ni àrùn náà kò ráyè wọ̀. Ìwé ìròyìn Nature gbé iṣẹ́ wọn jáde ní 1973. Ẹ wo ọjà Oregbeni: bí gbogbo ìsọ̀ bá ti lẹ́ni nínú, àlejò tó bá pẹ́ dé kò ní ríbi patẹ. Báyìí ni kòkòrò rere ṣe ń gba ara ìfun àti oúnjẹ inú rẹ̀ mọ́ kòkòrò burúkú lọ́wọ́. Lactobacillus, tó wà lára kòkòrò rere, tún ń mú kí inú ìfun kan, E. coli àti Salmonella kò sì fẹ́ràn ibi tó kan.

Mo bẹ̀ yín, kí ẹnikẹ́ni má torí èyí lọ kó ìgbẹ́ àgbà adìẹ fún òròmọdìẹ. Ìgbẹ́ tí a kò yẹ̀ wò lè ru Salmonella, ó sì lè ru kòkòrò tó ń fa ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀. Nítorí èyí gan-an ni a fi ń lo probiotics, tó jẹ́ kòkòrò tí a mọ orúkọ rẹ̀.

Ní 2001, àwọn onímọ̀ tí FAO àti Àjọ Ìlera Àgbáyé kó jọ ní Córdoba, ní Argentina, sọ ohun tí probiotics jẹ́: kòkòrò àìfojúrí tó wà láàyè, tí yóò ṣe ara ẹni tó gbà á láǹfààní bó bá pọ̀ tó. Ẹ di “láàyè” àti “pọ̀ tó” mú. Lactobacillus kì í fara da ooru; èyí tó ti ń yá oòrùn nínú ṣọ́ọ̀bù láti ọjọ́ pípẹ́ lè ti kú tán nínú ọ̀rá rẹ̀. Bacillus subtilis le jù ú lọ, nítorí ó ń ká ara rẹ̀ sínú èèpo tí ooru kò tètè ràn, ìdí nìyí tí wọ́n fi ń pò ó mọ́ oúnjẹ adìẹ. Omi tí ẹ da kíloríìnì sí lè pa probiotics tí ẹ fowó rà.

Ibi tó ń dùn mí jù ni mo dé yìí. Òròmọdìẹ á dé, a kò tíì ka iye rẹ̀ tán, a ti da àǹtíbáyótíìkì sómi rẹ̀, a ní “ká má rí i”. Kò ṣàìsàn, dókítà ẹran kò yẹ̀ ẹ́ wò. Òògùn yẹn kò mọ kòkòrò rere yàtọ̀ sí burúkú. Ó ń gbálẹ̀ fún èyí tó bá gbójú jù, èyí tó sì yè á kọ́ bí a ṣe ń borí òògùn. Òògùn kan náà ni wọ́n lè kọ fún ọmọ yín ní ọsibítù lọ́la. Sweden ti fòfin de lílo irú òògùn bẹ́ẹ̀ láti mú ẹran dàgbà ní 1986, ìṣọ̀kan Yúróòpù sì parí tiwọn ní oṣù Kìíní 2006. Nàìjíríà náà gbé ètò orílẹ̀-èdè kalẹ̀ lórí kòkòrò tó ń borí òògùn ní 2017. Bí dókítà bá kọ òògùn nítorí àrùn tó rí, ẹ lò ó pé. Ìgbà tó bá parí ni kí ẹ fún àwọn òròmọdìẹ ní probiotics.

Ẹ ó bi mí léèrè omidùn ògì. Ìbéèrè gidi ni. Onímọ̀ I. A. Akinrele ní 1970, àti S. A. Odunfa ti Yunifásítì Ìbàdàn lẹ́yìn rẹ̀, fi hàn pé Lactobacillus plantarum wà lára àwọn tó ń mú ògì kan. Ní 1994, Olukoya àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé iṣẹ́ jáde lórí Dogik, ògì tí wọ́n tún ṣe kó lè gbógun ti ìgbẹ́ gbuuru ọmọdé. Nítorí náà, ẹni tó ń bu omidùn díẹ̀ sómi òròmọdìẹ kò ṣe ohun àìmọ̀kan. Ṣùgbọ́n omidùn ìkòkò kan kì í ṣe ti ìkejì. Àgbàdo tó bu lè ti gbé májèlé wọ inú ọ̀kan nínú wọn. Bí ẹ bá fẹ́ gbìyànjú rẹ̀, kó jẹ́ ti àgbàdo tó dára, ẹ bù ú díẹ̀ sómi mímọ́, ẹ da èyí tó kù nù lálẹ́. Ẹ kọ́kọ́ fún apá kan nínú àwọn òròmọdìẹ, kí ẹ máa kọ iye tó kú ní apá méjèèjì sílẹ̀.

Probiotics kò rọ́pò àjẹsára àrùn Newcastle àti Gumboro. Òròmọdìẹ tí òtútù ń mú kò ní mumi débi tí yóò rí ohun tí ẹ dà síbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ooru ibi tí wọ́n wà sún mọ́ 33°C lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Níbi tí ilé adìẹ ti mọ́ dáadáa, ẹ lè má rí ìyàtọ̀ púpọ̀ tí probiotics mú wá. Ibi tí ìnira wà ni agbára rẹ̀ ti ń hàn jù.

Ó kù ọ̀rọ̀ àkókò. Ẹni tó kọ́kọ́ wọ ìfun ló ń jókòó, nítorí náà ilé tí wọ́n ti pa ọmọ ló yẹ kí wọ́n ti fọ́n kòkòrò rere sí wọn lára, kí ọkọ̀ tó gbéra. Ẹ̀yin tó ń ra páálí mẹ́wàá, ogún, ẹ lẹ́nu ọ̀rọ̀. Ẹ bi oníṣòwò yín bóyá wọ́n ṣe é, kí ẹ sì ní kó fi orúkọ ohun tí wọ́n lò hàn yín lórí ìwé. Bí wọn kò bá ṣe é, omi àkọ́kọ́ tí àwọn ọmọ náà máa mu ní Oregbeni ni kí ẹ fi ṣe é.