Ìgbà Wo Ni Ọ̀rọ̀ Ẹnu Ń Di Àdéhùn?

Ọ̀rọ̀ ológò ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ lónìí.

Àlùfáà Samuel Johnson, tó ṣe pásítọ̀ ní ìlú Ọ̀yọ́, parí ìwé ìtàn Yorùbá tó kọ ní 1897, bó tilẹ̀ jẹ́ pé 1921 ni wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ jáde. Ó ṣàlàyé nínú rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń gba gbèsè láyé ìgbà náà. Bí wọ́n bá ti dá onígbèsè lẹ́jọ́, tó sì kọ̀ tí kò san, olówó á tọ àwọn aláṣẹ ìlú lọ, wọ́n á sì yọ̀ǹda ológò fún un. Ológò á wá dógò ti onígbèsè. Á jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀, á máa bú u kíkankíkan, á ní kí wọ́n bọ́ òun, adìyẹ tàbí ewúrẹ́ tó bá sì rí nínú agbo ilé, á pa á jẹ. Kò ní dìde àfi bí owó bá pé.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣàkíyèsí ohun kan níbẹ̀: ológò kì í ṣáájú ẹjọ́. Wọ́n ti gbọ́ ẹnu olówó, wọ́n ti gbọ́ ẹnu onígbèsè, ó ti dá wọn lójú pé àdéhùn wà. Báwo wá ni èèyàn ṣe ń mọ̀ pé àdéhùn ti wà?

Ẹ jẹ́ ká dé Ọjà Akẹ̀sán ní Ọ̀yọ́. Ẹ rí igbá fínfín kan, ẹ bèèrè èló ni, ẹni tó ń tà á ní 8,000 náírà. Lójú òfin, iye tó pè yìí kò tíì dè é. Ó kàn ń pè yín kí ẹ wá ná an ni. Irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ wáyé ní Jàmáíkà, wọ́n sì dá a ní 1893. Ẹnì kan bèèrè lọ́wọ́ onílẹ̀ pé èló ló kéré jù tó lè gbà lórí ilẹ̀ rẹ̀. Onílẹ̀ ní 900 pọ́n-ùn. Oníbèérè ní òun ti rà á nìyẹn. Àwọn adájọ́ ní rárá, iye ló dárúkọ, kò sọ pé òun ti gbà láti tà.

Ká padà sídìí igbá wa. Ẹ ní ẹ máa san 5,000. Ẹ̀yin lẹ fi owó lọ̀ ọ́ báyìí. Ó ní kò gbà, kí ẹ mú 6,500 wá. Ó ti da ti yín nù, ó sì ti gbé tirẹ̀ kalẹ̀. Bí ẹ bá wá ní 6,000 lẹ ní, 6,500 tó pè ti kú. Bí ẹ bá yí ọjà po, tí ẹ padà wá pé ó dáa, ẹ ti gba 6,500, tó bá ti tà á fún ẹlòmíràn, kò ṣẹ̀ yín. Ilé ẹjọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá irú rẹ̀ ní 1840 lórí oko kan tí wọ́n pè ní 1,000 pọ́n-ùn, tí olùrà ná sí 950, tó wá sáré padà pé òun gba 1,000. Kò rí oko gbà. Àwọn ìyá wa tó ń ná ọjà lójoojúmọ́ kò nílò kí lọ́yà kọ́ wọn nìyẹn.

Ìgbà tí alátajà bá ní "Ẹ mú owó wá," àdéhùn ti délẹ̀, kó tó ka owó, kó tó fún yín ní igbá. Bí ẹlòmíràn bá yọ lójijì pẹ̀lú 10,000, kò lẹ́tọ̀ọ́ láti tà á fún un mọ́.

Ṣùgbọ́n gbígbà náà gbọ́dọ̀ jẹ́ gbígbà pátápátá. Lásìkò kajú ní Ọgbọ́mọ̀ṣọ́, bí àgbẹ̀ bá pe owó kílò kan, tí oníbàárà ní "Mo gbà, ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ máa san owó ọkọ̀," kò tíì gbà o. Ọ̀rọ̀ tuntun ló dá sílẹ̀, àgbẹ̀ ló kù tó máa fèsì. Dídákẹ́ náà kì í ṣe gbígbà. Ẹnikẹ́ni kò lè kọ ọ́ sí yín lórí fóònù pé bí ẹ kò bá fèsì títí di ọ̀la, òun ti ra ọ̀kadà yín nìyẹn.

Òfin tún máa ń bèèrè pé kí ni ẹnì kọ̀ọ̀kan mú wá. Bí àbúrò yín bá ní òun máa bá yín kan páànù ilé lọ́dún tó ń bọ̀, inú rere ni. Bí kò bá ṣe é, ó dùn yín lóòótọ́, ṣùgbọ́n kóòtù kò ní bá yín gba páànù lọ́wọ́ rẹ̀.

Ti ilẹ̀ ló máa ń ká mi lára jù. Láti ìgbà tí wọ́n ti dá yunifásítì LAUTECH sílẹ̀ ní 1990, ilẹ̀ ti di ohun tí gbogbo èèyàn ń wá ní Ọgbọ́mọ̀ṣọ́. Lábẹ́ òfin tí Ìwọ̀ Oòrùn Nàìjíríà ṣe ní 1959, àdéhùn ilẹ̀ nílò àkọsílẹ̀ tí ẹni tí a bá fẹ́ pè lẹ́jọ́ fọwọ́ sí. Bí ẹ bá sì rà á nílànà ìbílẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu tó, kìkì pé kí ẹ sanwó, kí wọ́n sì fa ilẹ̀ lé yín lọ́wọ́ níṣojú ẹlẹ́rìí. Ẹ rántí ẹbí náà: bí ọmọ ẹbí bá ta ilẹ̀ ẹbí láìsí olórí ẹbí níbẹ̀, òfo ni. Bí olórí ẹbí bá sì dá a tà láìbá àwọn àgbà ẹbí sọ, àwọn yẹn lè ní kí kóòtù fagi lé e. Èèyàn máa ń fi owó ọdún mẹ́wàá ra ilẹ̀ ní kọ̀rọ̀, lóru, nítorí wọ́n ní kó má jẹ́ kí ẹbí gbọ́. Ìgbà tí wọ́n bá ti ní kí ẹbí má gbọ́, ẹ pa owó yín mọ́.

Àdéhùn mìíràn tún wà tí gbogbo èèyàn gbà, tí òfin kò ní gbè é. Ìwọ̀fà, ẹni tí wọ́n ń fi dúró fún gbèsè láyé àtijọ́, ńkọ́? Olówó gbà, ẹni tó yá owó gbà, ìwọ̀fà sì ń ṣiṣẹ́ lóko olówó láìjẹ́ pé iṣẹ́ náà dín gbèsè kù ní kọ́bọ̀ kan. Lónìí, abala 34 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 kò fàyè gba kí wọ́n fipá mú ẹnikẹ́ni ṣiṣẹ́. Ẹ má ṣe fi ọmọ yín dúró fún gbèsè.

Bí ẹni tẹ́ ẹ jọ ṣàdéhùn bá wá yẹ̀ ẹ́ ńkọ́? Ọ̀pọ̀ wa ló máa ń sáré lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá kí wọ́n lọ gbé e. Òfin ọlọ́pàá ti 2020, abala 32, sọ ọ́ gbangba pé wọn kò gbọ́dọ̀ mú ẹnikẹ́ni kìkì nítorí pé ó yẹ àdéhùn. Bí jìbìtì tàbí olè bá wà níbẹ̀, iṣẹ́ ọlọ́pàá nìyẹn. Àmọ́ ẹni tó ra kajú àwìn tí kò rí owó san, ilé ẹjọ́ ni kí ẹ pè é sí. Ẹ kó rìsíìtì, àtẹ̀jíṣẹ́ orí fóònù àti ẹlẹ́rìí yín dání. Bí ẹ bá jàre, tí kò sì san, kóòtù á rán bélífù sí ẹrù rẹ̀. Ológò ti wa nìyẹn, ṣùgbọ́n eléyìí kò gbọ́dọ̀ bú ẹnikẹ́ni, òfin sì ní kó fi aṣọ, ibùsùn àti irinṣẹ́ tí onígbèsè fi ń jẹun sílẹ̀ fún un dé ìwọ̀n kan.