Ìdí tí Ọkọ̀ Bàbá Wa Kò Fi Dé Ọjọ́ Ìlú

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìpàdé ọdọọdún ẹ̀ka Ìkẹjà àti Agége)

 A mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ẹ fẹ́ gbọ́. Ní oṣù kejìlá ọdún 2023, Alága ti kéde fún gbogbo ìlú pé nínú ọkọ̀ eré bàbá wa ni Ìyá Àgbà ẹgbẹ́ yóò jókòó wọ ìlú ní Ọjọ́ Ìlú. Àwọn onílù ti dúró, àwọn ọmọdé ti tò sí ẹ̀bá ọ̀nà, ọkọ̀ kò wá. Inú bọ́ọ̀sì àwọn akọrin ni Ìyá jókòó sí. Àwọn kan ní àwa ni a ń fẹlá, a kò fẹ́ kí ekuru ba ọ̀dà tuntun jẹ́. Àwọn mìíràn ní a ti ta ọkọ̀ náà. Méjèèjì kò rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n a jẹ ẹgbẹ́ ní àlàyé, a sì wá san gbèsè náà lónìí.

Àwa mẹ́ta ni a jọ ṣe iṣẹ́ náà, ọmọ bàbá kan náà: olùkọ́ kan, akọ̀wé owó kan, àti àbúrò wa obìnrin tí í ṣe aránṣọ. Kò sí mẹkáníìkì nínú wa. Àgbàlá ilé bàbá wa ní Agége, nítòsí ojú irin, ni a ti ṣe gbogbo rẹ̀, lábẹ́ páànù mẹ́fà tí a gbé lé igi.

Ọ̀kan nínú àwọn ilé-iṣẹ́ Ìkẹjà ni bàbá wa ti ṣe akọ̀wé. Ẹ̀yin àgbà rántí pé ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ni ó dá àgbègbè ilé-iṣẹ́ yẹn sílẹ̀, nítorí Ìkẹjà kò bọ́ sábẹ́ Èkó títí a fi dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní ọdún 1967. Òyìnbó ará Jámánì kan wà níbi iṣẹ́ wọn tí ó gbé ọkọ̀ tirẹ̀ wá láti ìlú rẹ̀. Nígbà tí ó ń padà lọ ní ọdún 1971, ó tà á fún bàbá wa. Pọ́n-ùn ni wọ́n kà fún un, nítorí náírà kò dé títí di oṣù kìíní ọdún 1973. Nígbà náà, ọwọ́ òsì ni ọkọ̀ ń tọ̀ ní Nàìjíríà, sítíárì a sì máa wà lápá ọ̀tún. Ti ọkọ̀ yìí wà lápá òsì bí ti ìlú tí ó ti wá. Bí bàbá wa bá fẹ́ ya lórí tírélà, ìyá wa ni yóò yọrí wo iwájú, tí wọn yóò ní “Ó yá” tàbí “Ẹ dúró.” Ní ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972 ni ìjọba yí gbogbo ọkọ̀ sí ọwọ́ ọ̀tún. Bí àwọn awakọ̀ Èkó ti ń kọ́ ìrìn tuntun bí ọmọ ìrákòrò, bàbá wa rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ojú pópó ni ó yí padà wá bá àwọn.

Karmann Ghia ni orúkọ ọkọ̀ náà, ti ọdún 1966. Ilé-iṣẹ́ Ghia ní Torino nílẹ̀ Ítálì ni ó ya àwòrán rẹ̀. Karmann, ní Osnabrück nílẹ̀ Jámánì, ni ó kan ara rẹ̀. Láti ọdún 1955 títí di 1974, wọ́n ṣe irú rẹ̀ tí ó lé ní 440,000. Ẹni tí ó bá wò ó yóò rò pé ó lè bá afẹ́fẹ́ díje. Ṣùgbọ́n abẹ́ rẹ̀ àti ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ ti Volkswagen tí gbogbo wa ń pè ní Ìjàpá. Awọ ẹkùn ni wọ́n gbé wọ ìjàpá. Bí a bá dé orí òkè, a ó gba ọ̀nà fún àwọn tí ó ń yára.

Èyí gan-an ni ó sì ràn wá lọ́wọ́. Bí ó bá jẹ́ ọkọ̀ eré òyìnbó mìíràn ni, níbo ni a ó ti rí ẹ̀yà ara rẹ̀? Ṣùgbọ́n láti ọdún 1975 ni wọ́n ti ń to Ìjàpá pọ̀ ní Ọjọ́ọ̀, lọ́nà Badagry. Ilé-iṣẹ́ náà ti ṣíwọ́ Ìjàpá tipẹ́, síbẹ̀ Volkswagen ni àwọn kọ̀ndọ́ ṣì ń pe ibùdókọ̀ ibẹ̀. Àgbà mẹkáníìkì tí ó mọ ẹ́ńjìnnì yìí bí ìka ọwọ́ rẹ̀ kò tíì tán láti Agége dé Mushin. Ọjà Ládípọ̀ sì wà nítòsí, bí ẹni náà bá ní sùúrù àti ẹsẹ̀.

Láti ọdún 1987 ni ọkọ̀ náà ti dúró. Adìyẹ ń yé sí ìjókòó ẹ̀yìn. Bàbá wa papò dà ní ọdún 2011, nígbà tí ó sì di ọdún 2019, ìpàdé ẹbí ní kí a tà á fún àwọn tí ń fi ọmọlanke ra irin, tí wọ́n fẹ́ fi òṣùwọ̀n wọ̀n ọ́n. A bẹ̀bẹ̀ fún ọdún kan. Ọdún kan náà ni ó di márùn-ún.

Nígbà tí ìjọba ní kí gbogbo ará Èkó jókòó sílé láti ọjọ́ 30 oṣù kẹta ọdún 2020 nítorí àrùn kòrónà, kò sí ibi tí a lè lọ mọ́. A yọ ẹ́ńjìnnì. Ẹ má ṣe rò pé iṣẹ́ ńlá ni. Nọ́ọ̀tì mẹ́rin péré ni ó dè é mọ́ jíà. Bí a bá ti tú wáyà, okùn ẹsẹ̀ epo àti rọ́bà epo, ọkùnrin méjì lè fi jáàkì sọ̀ ọ́ kalẹ̀ kí wọ́n sì wọ́ ọ jáde. Kò ní omi, kò ní rádíétọ̀. Afẹ́fẹ́ ni ó ń tù ú. Fáànù tí ń fẹ́ afẹ́fẹ́ náà, bẹ́líìtì kan ṣoṣo ni ó ń yí i pẹ̀lú dáínámò. Nítorí náà, bí iná pupa bá tàn níwájú yín nínú Ìjàpá, ẹ má ṣe wí pé bátìrì ni, a ó dé ilé ná. Ẹ dúró lójú ẹsẹ̀. Bẹ́líìtì lè ti já, ẹ́ńjìnnì a sì jóná kí ẹ tó dé Ìyànà Ìpájà.

Ẹ jẹ́ kí a sọ ti iná gidi náà. Ní oṣù kẹfà ọdún yẹn ẹ́ńjìnnì kọ́kọ́ dún. Gbogbo àdúgbò hó, ọmọ ilé kejì ń jó. Láàárín ariwo náà ni ẹ̀gbọ́n wa gbóòórùn epo. Rọ́bà tí ń gbé epo lọ sí kábúrétọ̀, èyí tí wọ́n fi òwú hun bò, ara rẹ̀ dán lójú, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ti gbẹ, ó sì ti sán. Epo ń kán sórí ẹ́ńjìnnì gbígbóná. Kíá ni a pa á. Aládùúgbò wa kan ti gbé garawa omi dé, Ọlọ́run ni kò jẹ́ kí a lò ó. Lẹ́yìn náà ni a kà pé magnesium wà nínú irin tí wọ́n fi ṣe ikùn ẹ́ńjìnnì yìí, bí ó bá sì gbiná, omi ń mú kí ó le sí i ni. Láti ọjọ́ náà, iyanrìn àti àgolo apaná ni ó ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Gbogbo rọ́bà epo ni a sì pààrọ̀, èyí tí ó dára lójú pẹ̀lú.

Ti iná mọ̀nàmọ́ná rẹ̀ kò gbà wá lákòókò púpọ̀: fóòtì 6 ni ó ń lò, a sì fi dáínámò, kọ́ìlì àti gílóòbù Ìjàpá kan sọ ọ́ di 12. Táyà ni ó ṣòro. Láti ọdún 1963 ni Dunlop ti ń ṣe táyà ní Ìkẹjà níhìn-ín, ṣùgbọ́n ó dáwọ́ dúró ní ọdún 2008. Táyà tẹ́ẹ́rẹ́ oníwọ̀n 15 tí a ń wá, òkè òkun ni ó ti wá, ó sì gba oṣù mẹ́jọ.

Ara ọkọ̀ ni ó wá dójú tì wá. Ti Ìjàpá, ìbòrí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni a lè fi sípánà tú. Ti Karmann Ghia kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n jó gbogbo rẹ̀ pọ̀ ni, wọ́n fi òjé dí oríkèé rẹ̀, wọ́n sì fi ọwọ́ ha á títí ó fi jọ irin kan ṣoṣo. Kò sí bí a ó ti ṣe é fúnra wa. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023 ni a gbé e fún pánẹ́ẹ̀lì-bítà kan. A kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí ẹ̀bi náà kì í ṣe tirẹ̀ nìkan. Ó ní kí a ra irin pẹlẹbẹ fún ilẹ̀ ọkọ̀. Àwa ni a ní owó ti tán: náírà ti já wálẹ̀ láti oṣù kẹfà ọdún náà, rọ́bà ojú fèrèsé tí a ti dúnàádúrà rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Àwa ni a tún sọ fún un pé Ọjọ́ Ìlú kù sí dẹ̀dẹ̀, kí ó yára. Ó yára. Nígbà tí ó gbé e padà, pupa rẹ̀ ń dán bí ẹyìn tí ó pọ́n, a ya fọ́tò, a sì fi ránṣẹ́ sí Alága. Fọ́tò yẹn ni ẹ rí lẹ́yìn ìwé ìkésíni.

Ó ku ọjọ́ mọ́kànlá. Àbúrò wa wà nínú ọkọ̀, ó kúnlẹ̀, ó ń gé kápẹ́ẹ̀tì. Àlùmọ́gàjí já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Dípò kí a gbọ́ ìró rẹ̀ nínú ọkọ̀, orí sìmẹ́ńtì nísàlẹ̀ ni a ti gbọ́ ọ.

A fi jáàkì gbé e, a fi igi tì í, nítorí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọ abẹ́ ọkọ̀ tí jáàkì nìkan gbé dúró. Ohun tí a pè ní ilẹ̀ ọkọ̀ jẹ́ aṣọ, pọ́tì àti ọ̀dà dúdú. Irin tí ìjókòó ẹ̀gbẹ́ awakọ̀ fi ẹsẹ̀ lé kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ìyókù ni ìpáàrà ti jẹ. A fi aṣọ wé irin òòfà, a fà á lọ lórí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ láti ẹnu ilẹ̀kùn dé táyà ẹ̀yìn. Kò mú ibì kan. Inú ẹ̀gbẹ́ yẹn ni àwọn òyìnbó gba ooru ẹ́ńjìnnì kọjá fún ìgbà òtútù. Pánẹ́ẹ̀lì-bítà ti ní kò sí ẹni tí ń wá ooru kún ooru ní Èkó, ó sì gé irin ibẹ̀ dànù. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ pa wá lẹ́rìn-ín nígbà náà. A kò mọ̀ pé ọ̀nà ooru náà ni egungun ìhà ọkọ̀.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, ẹnì kan nínú wa ní kí a tẹ́ pákó sábẹ́ ìjókòó. Ó ní ọjọ́ kan ṣoṣo ni, a ó rọra wà á, àti pé Ìyá Àgbà kò wúwo. A kò ní sọ ẹni tí ó sọ ọ́. A jiyàn títí di aago méjì òru, a sì ti ń wọn pákó. Nígbà náà ni àbúrò wa béèrè pé ìyá ta ni yóò jókòó lórí pákó náà, tiwa tàbí ti ẹlòmíràn. Ó mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀, ó tì í mọ́ inú àpótí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, ó lọ sùn.

Ní òwúrọ̀, a pe Alága, a ní “ara ọkọ̀ kò yá.” Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo òtítọ́. Ojú ni ó tì wá. Nítorí ìyẹn ni a fi tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Alága àti lọ́wọ́ Ìyá lónìí.

Ọdún 2024 ni a fi tún un ṣe. A kọ́kọ́ jó ọ̀pá irin mọ́ ẹnu ilẹ̀kùn méjèèjì kí ara ọkọ̀ má baà rọ̀ nígbà tí a bá gé ìhà rẹ̀. Bí ó bá rọ̀, ilẹ̀kùn kò ní tì mọ́ láé. A ra ilẹ̀ ọkọ̀ Ìjàpá, a yọ̀, a gbé e sí i, kò tó! Ti Karmann Ghia fẹ̀ ju ti Ìjàpá lọ, ohun tí ó yẹ kí a ti wọ̀n kí a tó sanwó. Bàbá àgbà kan tí wọ́n ti fi òòlù jẹun láti ìgbà ogun abẹ́lé ni wọ́n yọ wá. Wọ́n gbé irin pẹlẹbẹ lé orí èkúfọ́ ojú irin rélùwéè, wọ́n sì fi òòlù la ipa sí i lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí irin tí kò ní ipa yóò máa gbọ̀n bí awọ ìlù. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n lò lórí rẹ̀. Wọn kò gba owó títí wọ́n fi jókòó sínú rẹ̀ fúnra wọn, tí wọ́n sì fi gìgísẹ̀ tẹ ibi gbogbo.

Ọ̀dà rẹ̀ kò dán tó ti àkọ́kọ́ mọ́, ẹ ó sì rí ojú àpá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn òsì. Owó ni kò tó. Ṣùgbọ́n irin òòfà wà lórí tábìlì Akọ̀wé níbẹ̀ yẹn, pẹ̀lú aṣọ rẹ̀; ẹni tí ó bá fẹ́ lè mú un jáde lọ fi yẹ ìhà ọkọ̀ wò. Abẹ́ igi ọ̀dán ni a gbé e sí. Ẹ jọ̀wọ́, kí àwọn ọmọdé má ṣe gun imú rẹ̀.

Ìyá Àgbà ti jókòó sínú rẹ̀ láàárọ̀ yìí kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní ìjókòó náà rẹlẹ̀ jù, pé bí wọ́n bá wọ ìlú báyìí, fìlà Alága nìkan ni àwọn ènìyàn yóò rí. Àbúrò wa ti mú tépù jáde, ó ti wọn ìrọ̀rí tí yóò ran sí i.