Ààwẹ̀ Wa Ṣáájú Kérésìmesì

Ọ̀pọ̀ nínú yín ti bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀. Ọlọ́run yóò gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká tún Aísáyà orí 58 kà. Àwọn tí Ọlọ́run bá wí níbẹ̀ kì í ṣe aláìgbààwẹ̀ o! Wọ́n ń gbà á, wọ́n sì ń ni àwọn òṣìṣẹ́ wọn lára lọ́jọ́ ààwẹ̀ gan-an. Ẹ̀yin tí ẹ ní ṣọ́ọ̀bù ní Ìkòtún àti Ẹgbẹ́dá, ọmọ tó ń bá yín tajà, owó oṣù rẹ̀ ńkọ́? Gbèsè nìyẹn, kì í ṣe àánú. Òun kò yan ebi tirẹ̀.

Àwọn Kristẹni Ọ́tọ́dọ́ọ̀sì ní Etiópíà a máa gbààwẹ̀ bí 40 ọjọ́ kí Kérésìmesì wọn, 7 January, tó dé: kò sí ẹran, kò sí ẹyin, kò sí wàrà. Àwa ń ṣínu ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Oúnjẹ ọ̀sán tí a kò jẹ dà? (Àwọn mìíràn ń kó o mọ́ talẹ́ ni!) Ẹ ṣírò owó rẹ̀. Ẹ fi ra ìrẹsì fún opó ojúlé kejì, tàbí oògùn fún aláìsàn ní ọsibítù ìjọba ní Ìgàndó. Ẹ tètè ṣe é, kó tó di ọjọ́ 24 tí ọjà Ìkòtún yóò kún àkúnya.