Ojú Ìjọba àti Owó Lásẹ́ńsì Ọkọ̀ Wa

(Ọ̀rọ̀ tí a bá ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé oṣooṣù)

Ìgbìmọ̀ ní kí n sọ̀rọ̀ díẹ̀ lórí owó lásẹ́ńsì ọkọ̀, nítorí pé ẹ̀ẹ̀mejì ni a ti ṣí àpótí ẹgbẹ́ ní ọdún yìí láti gba ọkọ̀ ọmọ ẹgbẹ́ sílẹ̀.

Kì í ṣe àìní nìkan ni kì í jẹ́ kí a san owó náà. Bí a bá mọ̀ pé wọn yóò yẹ ìwé wa wò, a máa ń san án. Bí kò bá sí ẹni tí ń wò ó, a ó ní ó di oṣù tí ń bọ̀. Àwọn àgbà ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ wo inṣọ́ránsì ọkọ̀. Láti ọdún 1945 ni òfin rẹ̀ ti wà. Ní ọdún 2023, owó èyí tí ó kéré jù fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ti ara ẹni kúrò ní 5,000 náírà, ó di 15,000. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ọlọ́pàá kéde pé àwọn yóò máa yẹ̀ ẹ́ wò láti ọjọ́ 1 oṣù kejì ọdún 2025, mélòó nínú wa ni kò sáré lọ rà á? Òfin kò yí padà. Ojú tí ń ṣọ́ ọ ni ó là.

Síbẹ̀, ojú tí ń ṣọ́ni yàtọ̀ sí ọwọ́ tí ń gba rìbá. Bí ẹni tí kò san owó bá ki nǹkan bọ ọwọ́ ẹni tí ó dá a dúró, tí ó sì kọjá bí ẹni tí ó san, òmùgọ̀ ni ẹni tí ó san yóò pe ara rẹ̀. Ní ọdún tí ń bọ̀, òun náà kò ní san mọ́.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a mọ ẹni tí ó ni ẹ̀tọ́. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 1998 pín in: owó-orí ojú ọ̀nà jẹ́ ti ìjọba ìpínlẹ̀, owó gáréèjì jẹ́ ti ìjọba ìbílẹ̀. Ó sì kà á léèwọ̀ kí ẹnikẹ́ni, ì báà ṣe agbowó-orí ìjọba, gbé igi dínà láti gba owó-orí.

Èmi fúnra mi ti jìyà ọ̀rọ̀ yìí rí. Mo fún ẹnì kan lówó kí ó bá mi sọ lásẹ́ńsì dọ̀tun. Ìwé tí ó mú wá dára lójú, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò lójú ọ̀nà, nọ́ńbà ọkọ̀ ẹlòmíràn ni wọ́n bá nínú rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n fi dá ọkọ̀ náà dúró, tòmátì oníbàárà sì rà sórí rẹ̀.

Àbá mi kò ju mẹ́ta lọ. Èkínní, kí olúkúlùkù lọ sí ọ́fíìsì owó-orí fúnra rẹ̀, kí ó sì gba rìsíìtì. Èkejì, kí akọ̀wé ṣí ìwé kan tí a ó máa kọ ọjọ́ tí lásẹ́ńsì kálukú yóò parí sí, kí a lè rán ara wa létí ní oṣù kan ṣáájú. Ẹ̀kẹta, kí àpótí ẹgbẹ́ má san ìtanràn mọ́ fún ẹni tí ó mọ̀ọ́mọ̀ kọ̀ láti san owó. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá rẹ́ ẹni tí ìwé rẹ̀ pé jẹ, kí gbogbo wa bá a lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá wọn.

Àwa tí a wà ní Òkè Ọya, ìwé wa ni ẹlẹ́rìí wa. Ẹ má jẹ́ kí ẹlẹ́rìí wa di òpùrọ́.