Ìnasẹ̀ létí Odò Ògùnpa

  

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lónìí kò ju ọ̀rọ̀ ìrìn lọ. Ó ti tó ọdún méjì báyìí tí mo ń na ẹsẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta létí odò Ògùnpa ní Ìbàdàn, láti ẹ̀gbẹ́ ọgbà Agodi títí dé ìhà Agbeni àti Dùgbẹ̀. N kì í sáré, n kì í gun ọkọ̀, ẹnikẹ́ni kò sì rán mi níṣẹ́. Àwọn ọmọ mi a máa fi mí ṣe ẹ̀fẹ̀ pé, ta ni í lọ gba atẹ́gùn létí Ògùnpa? Ìbéèrè yẹn gan-an ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò.

Bí a bá dárúkọ odò láàárín àwa oníṣẹ̀ṣe, ọ̀dọ̀ Ọ̀ṣun ni ọkàn wa ń lọ, tàbí ọ̀dọ̀ Ọya, tàbí odò Ògùn tí í ṣe ti Yemọja. Bí oṣù kẹjọ bá dé, a ó wọ funfun, a ó háyà bọ́ọ̀sì lọ sí Òṣogbo, a ó bu omi, a ó sì padà sílé. Ilé wo? Ìbàdàn ni, níbi tí odò kan ti ń ṣàn gba àárín ìgboro, tí a sì ń fi ọwọ́ bo imú kọjá lórí afárá rẹ̀.

Ẹsẹ̀ ni í jẹ́ kí ènìyàn mọ odò. Ní ọgbà Agodi, wọ́n sé omi náà, ó sì dúró bí adágún. Igi pọ̀, ẹyẹ ń ké, àwọn ọ̀dọ́ ń ya fọ́tò. Bí a bá jáde níbẹ̀ tí a tẹ̀ lé e lọ sísàlẹ̀, ó ti di ohun mìíràn. Ògiri kọnkéré dúró sí i lọ́tùn-ún àti lósì. Ẹ̀yìn ni gbogbo ilé kọ sí i. Èyí ni ó ń yà mí lẹ́nu jù: n kò tíì rí ilé kan tí ó kọjú sí odò náà. Ṣáláńgá, àkìtàn, ibi tí a ń da omi ìfọṣọ nù, àwọn wọ̀nyí ni aládùúgbò rẹ̀. Síbẹ̀ lékeléke kò kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Wọn a dúró lórí òkìtì ọ̀rá píọ́ wọ́tà, funfun báláú. Ìyá alákàrà kan tí mo máa ń kí ní ìhà Agbeni sọ fún mi pé nígbà tí òun wà lọ́mọdé, inú omi yìí ni àwọn ti ń fọ aṣọ, aṣọ a sì mọ́.

Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, òjò rọ̀, Ògùnpa kún, ó ya wọlé, ó sì gbé ènìyàn tí iye wọn ju 100 lọ. Ọgbà Agodi pàápàá, tí a dá sílẹ̀ ní 1967, bà jẹ́ nínú rẹ̀. Omíyalé ni àwọn ará Ìbàdàn ń pe irú àjálù bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, àkúnya omi mìíràn tún pa ohun tí ó ju 100 ènìyàn lọ ní ìlú kan náà. Àwọn kan láàárín wa ní òrìṣà ni ó ń bínú. Èmi kì í yára gbé irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀ ka òrìṣà lórí. Ojú ọ̀nà omi ni a kọ́lé sí, pàǹtírí wa ni ó sì dí i lọ́fun. A ní omi kò lọ́tàá. Ta ni ó wá ń bá a jà?

Ìṣẹ̀ṣe ti mọ ohun tí a ń ṣe sí èyí láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ní igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, èèwọ̀ ni kí a pẹja, kí a gé igi, kí a ṣọdẹ. Èèwọ̀ wọ̀nyí, pẹ̀lú akitiyan Àdùnní Olórìṣà, Susanne Wenger, àti àwọn oníṣẹ́ ọnà tí ó kó mọ́ra, ni ó pa hẹ́kítà 75 náà mọ́ tí UNESCO fi kà á mọ́ ogún àgbáyé ní 2005. Ṣùgbọ́n omi kò mọ ààlà. Àwọn tí ń wa góòlù lókè odò, ní agbègbè Iléṣà, ti sọ omi Ọ̀ṣun di rúsúrúsú, èèwọ̀ inú igbó kò sì dé ọ̀dọ̀ wọn. Odò tí a ń ṣọ́ ní ojú kan ṣoṣo, ibòmíràn ni a ó ti bà á jẹ́. Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ̀bẹ̀ fún ẹsẹ̀ yín. Ẹni tí ó bá ń rìn létí odò lóṣooṣù yóò mọ ilé tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fa páìpù ìdọ̀tí sí i, yóò mọ orúkọ baálé ibẹ̀, yóò sì lè jókòó tì í bá a sọ̀rọ̀. Bí èèwọ̀ ṣe ń múlẹ̀ nìyẹn. Kò sí òfin tí ó ṣe é dípò rẹ̀.

N kò pe ìwọ́de o. Kì í ṣe ọjọ́ aṣọ ẹgbẹ́ àti fọ́tò. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta àkọ́kọ́ nínú oṣù tí ń bọ̀, a ó pàdé lẹ́nu ọ̀nà ọgbà Agodi ní agogo mẹ́fà ààbọ̀ òwúrọ̀. Kí olúkúlùkù wọ bàtà tí ó bo ẹsẹ̀, nítorí ìgò fífọ́ pọ̀ létí omi. Ẹni tí ó bá fẹ́ bọ odò náà, obì àti omi tútù tó, kí ó má ṣe fi ọ̀rá gbé e wá. Bí a bá fi máa dé Agbeni, ìyá alákàrà yóò ti dáná.